Kí ló dé tí ojú ewé ìkànnì fi ń yọ ní abala-abala? Àlàyé lórí ohun tí wọ́n ń pè ní streaming

Láìpẹ́ yìí, àwọn mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́ tí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ìkànnì ni mò ń ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè kan náà ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Wọ́n ṣí ojú ewé ilé ìtajà kan lórí fóònù. Orúkọ ilé ìtajà náà yọ lókè, àwòrán ọjà yọ, ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí iye owó wà, àpótí aláwọ̀ eérú kan ni wọ́n rí tó ń ṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, iye owó dé. Àwọn kan rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń ṣe ségesège, àwọn mìíràn rò pé ìkànnì náà ti bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tilẹ̀ ń bẹ̀rù pé àwọn oníjìbìtì ti gba ìkànnì náà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Nígbà tí mo dáhùn pé streaming ni wọ́n ń pè é, ìdààmú náà tún pọ̀ sí i, nítorí pé ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí streaming ni wíwo fíìmù tàbí gbígbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó máa ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ igbó nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ọkàn yín balẹ̀. Ojú ewé tó ń yọ báyìí kò bàjẹ́, kò sì ń jẹ dátà bí fíìmù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń fi ojú ewé náà ránṣẹ́ kò dúró kí gbogbo rẹ̀ pé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́. Èyí tó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló ń fi ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èrò tó rọrùn ni lójú, ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí, ó sì ní ewu kan tí àwọn tó ń kọ́ ìkànnì pàápàá máa ń gbàgbé.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó máa lò

Bùráúsà ni áàpù tí a fi ń ṣí ojú ewé: Chrome, Safari, Firefox àti irú wọn. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n kì í pa, tó ń dúró de ìbéèrè bùráúsà kó lè fún un ní ojú ewé tó béèrè. HTML ni èdè tí a fi ń kọ ojú ewé. Ọ̀rọ̀ tí a tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni, tó ń sọ fún bùráúsà pé àkọlé nìyí, ìpínrọ̀ nìyí, àwòrán yóò wà níbí. Dátábéèsì ni àká tí sáfà ti ń mú àwọn ohun tó máa ń yí padà, bí iye owó, orúkọ oníbàárà àti iye ọjà tó kù nílẹ̀. HTTP sì ni ìlànà tí bùráúsà àti sáfà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀: bí a ṣe ń béèrè, bí a ṣe ń dáhùn, àti ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú nínú ìdáhùn.

Ta ló ń se ojú ewé náà?

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà se ojú ewé. Nínú ti àkọ́kọ́, sáfà ni yóò kó gbogbo èròjà jọ láti inú dátábéèsì, yóò kọ HTML tó pé, yóò sì fi í ránṣẹ́ bí oúnjẹ tó ti jinná. Ọ̀nà yìí ni ìkànnì fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀nà kejì, sáfà yóò fi ojú ewé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo ránṣẹ́, pẹ̀lú ẹrù kóòdù JavaScript, èdè tí a fi ń pàṣẹ iṣẹ́ fún bùráúsà, fóònù oníbàárà fúnra rẹ̀ ni yóò sì wá se é. Ẹni tó wọ ilé oúnjẹ, tí wọ́n gbé èlùbọ́, omorogùn àti igi ìdáná lé lọ́wọ́, yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Fóònù olówó ńlá lè ṣe iṣẹ́ yẹn kíákíá. Fóònù tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò yóò gbóná, yóò sì pẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ìkànnì fi ń dá iṣẹ́ ìsè padà sọ́dọ̀ sáfà. Ojú ewé tí sáfà sè yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, nítorí òun ni streaming ń bá ṣiṣẹ́.

Kí wá ni streaming gan-an?

Ẹ fojú inú wo alákàrà méjì tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan náà ní kùtùkùtù. Ẹni àkọ́kọ́ kì í ta ẹyọ kan àfi bó bá dín gbogbo ẹ̀wà lílọ̀ tó wà nínú abọ́ rẹ̀ tán. Àwọn oníbàárà á dúró, wọ́n á máa wo epo tó ń hó, ọwọ́ wọn á ṣófo, títí tí èyí tó kẹ́yìn yóò fi jinná. Ẹnì kejì ń yọ àkàrà bó ṣe ń jinná, ó ń di í fún ẹni tó wà níwájú, ẹni yẹn sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ rẹ̀ kí ìyókù tó dé. Iná kan náà ni wọ́n dá, epo kan náà ni wọ́n lò, àkókò tí abọ́ yóò fi tán kò sì yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ẹni tó ń dúró ṣe lo àkókò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye sí i. Ká ní ojú ewé ilé ìtajà kan ní apá mẹ́ta: orí ojú ewé, tí sáfà lè kọ láàárín ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá kan; ọjà àti iye owó rẹ̀, tó máa gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá; àti ohun tí àwọn oníbàárà sọ nípa ọjà náà, tí yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 3 nítorí pé ibòmíràn ni sáfà ti máa lọ béèrè rẹ̀. Bí sáfà bá tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí streaming, ojú fóònù yóò funfun báláú fún ìṣẹ́jú àáyá 3 gbáko, torí pé apá tó lọ́ra jù ni gbogbo ìyókù ń dúró dè. Bí a bá lo streaming, orí ojú ewé á ti dé kíá, ọjà àti iye owó á tẹ̀lé e kí ènìyàn tó mí sínú mí síta, ohun tí àwọn oníbàárà sọ nìkan ni yóò dé ní ìgbà tó ti máa ń dé tẹ́lẹ̀. Sáfà kò yára ju bó ṣe wà lọ rárá. Ẹni tó bá sọ fún yín pé streaming ń mú kí sáfà yára, kò tíì lóye rẹ̀.

Àǹfààní kejì fara sin, èmi sì gbà pé ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orí ojú ewé ni a máa ń kọ orúkọ àwọn fáìlì mìíràn tí bùráúsà gbọ́dọ̀ lọ gbé sí: fáìlì tó ń ṣètò àwọ̀ àti ìrísí, irú lẹ́tà tí a ó lò, àti JavaScript. Bí orí yìí bá ti tètè dé, bùráúsà á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn fáìlì wọ̀nyẹn nígbà tí sáfà ṣì ń wá iye owó nínú dátábéèsì. Iṣẹ́ méjì tó ti máa ń tẹ̀lé ara wọn wá di èyí tó ń lọ pọ̀. Tí kò bá sí streaming, sáfà yóò ṣiṣẹ́ tán kí bùráúsà tó mọ̀ pé òun ní iṣẹ́ láti ṣe.

Báwo ni sáfà ṣe ń fi ohun tí kò tíì parí ránṣẹ́?

Ìbéèrè yìí yẹ kó wá sí ẹni tó bá ń ronú lọ́kàn. Bí mo bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sí ọ, tí èmi fúnra mi kò sì tíì mọ bí yóò ṣe pọ̀ tó, báwo ni ìwọ yóò ṣe mọ̀ pé ó ti pé?

Nínú HTTP ti àtijọ́, ìyẹn ẹ̀dà 1.0 tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1996, sáfà lè kọ́kọ́ kéde gígùn ojú ewé náà. Bí kò bá mọ gígùn rẹ̀, yóò máa fi í ránṣẹ́ lọ, yóò sì já okùn ìbánisọ̀rọ̀ náà nígbà tó bá parí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bùráúsà kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín okùn tí sáfà dìídì já nítorí pé iṣẹ́ parí, àti èyí tó já nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Bákan náà, okùn tuntun ni wọn yóò tún na fún ohun mìíràn tó bá kàn.

HTTP 1.1, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní oṣù kìíní ọdún 1997, mú ọ̀nà tó dára jù wá. Sáfà lè gé ojú ewé sí wẹ́wẹ́, kí ó sì kọ iye báìtì (ìwọ̀n kékeré tí a fi ń ka dátà) tó wà nínú ẹ̀là kọ̀ọ̀kan síwájú ẹ̀là náà. Bí ẹ̀là kan bá ní báìtì 26, yóò kọ 1A, nítorí pé mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fi ń kà níbẹ̀, kì í ṣe mẹ́wàá-mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni báìtì 26 yẹn yóò tẹ̀lé e. Ẹ̀là mìíràn lè dé lẹ́yìn ìdá díẹ̀ nínú ìṣẹ́jú àáyá tàbí lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bùráúsà kàn ń dúró ni. Nígbà tí sáfà bá fi ẹ̀là tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 0 ránṣẹ́, bùráúsà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Bí okùn bá já kí 0 yẹn tó dé, ó mọ̀ pé ojú ewé náà kò pé. Okùn kan náà sì wà nílẹ̀ fún ìbéèrè tó kàn.

HTTP/2, tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, kò lo ọ̀nà yìí mọ́, torí pé gígé ohun gbogbo sí ẹ̀là ti di ìpìlẹ̀ tirẹ̀ gan-an. Fún ẹni tó ń ka ojú ewé, kò sí ìyàtọ̀.

Ó yẹ kí n fi kún un pé bùráúsà ti múra sílẹ̀ fún èyí láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí bùráúsà Netscape jáde ní ọdún 1994, ọ̀kan nínú ohun tó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ ni pé ó ń fi ọ̀rọ̀ hàn bó ṣe ń dé, kì í dúró de gbogbo ojú ewé. Nítorí náà, streaming kì í ṣe àṣà tuntun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀. Ohun tí a gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ ni, tí a sì padà sí.

Bí apá ìsàlẹ̀ bá ṣetán ṣáájú ti òkè ńkọ́?

HTML jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí apá tó wà láàárín bá lọ́ra, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò há sẹ́yìn rẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe máa ń há sẹ́yìn ọkọ̀ elépo tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀. Ìṣòro yìí ni àpótí aláwọ̀ eérú wá yanjú.

Ní òde ìgbéyàwó, a kì í dá ètò dúró nítorí pé àwọn àna kò tíì dé. A ó fi àga wọn sílẹ̀, a ó lẹ ìwé mọ́ tábìlì pé àwọn ló ni ín, àwọn àlejò yòókù yóò sì jókòó sí àyè tiwọn. Nígbà tí àwọn àna bá wọlé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa gbà wọlé bíi ti gbogbo ènìyàn, ẹnì kan yóò sì sìn wọ́n lọ sí àyè tí a ti pa mọ́ fún wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni sáfà ṣe ń ṣe. Níbi tí apá tó lọ́ra yẹ kó wà, yóò fi àpótí kan sílẹ̀ tó ní orúkọ, yóò sì máa bá ìyókù ojú ewé lọ. Nígbà tí apá náà bá jinná, sáfà á fi í ránṣẹ́ ní ìparí ojú ewé, níbi tí ojú kò ti ní rí i, pẹ̀lú ìlà JavaScript kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó gbé apá náà lọ sínú àpótí tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Facebook ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí ayé mọ̀. Ní ọdún 2010, wọ́n ṣàlàyé ètò kan tí wọ́n pè ní BigPipe, tó pín ojú ewé Facebook sí abala kéékèèké tí wọ́n pè ní pagelet, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dé bó bá ti ṣetán. Wọ́n ní ètò náà dín bí àwọn oníbàárà ṣe rò pé ojú ewé pẹ́ tó kù sí ìlàjì nínú ọ̀pọ̀ bùráúsà. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò: bí ó ṣe rí lójú ẹni tó ń dúró. Lẹ́yìn náà, React, àkójọ kóòdù tí Facebook kan náà ṣe tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ń lò, gbé ọ̀nà yìí wọ inú ara rẹ̀ pátápátá nínú ẹ̀dà 18 tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2022. Nígbà tí Next.js 13, ohun èlò ìkọ́ ìkànnì tí wọ́n gbé ka orí React, tẹ̀lé e ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, ó dín iṣẹ́ náà kù débi pé ẹni tó ń kọ́ ìkànnì kò ní ju kó fi fáìlì kan tó ń jẹ́ loading sínú àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí rèé tí ẹ fi ń rí àpótí aláwọ̀ eérú níbi gbogbo ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu sáfà

Ibí ni ewu tí mo mẹ́nu bà wà, mo sì fẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Bó bá bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Kò sí ibi tí òwe yìí bá mu tó inú HTTP.

Gbogbo ìdáhùn sáfà ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú, tó gbọ́dọ̀ lọ kí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú ojú ewé tó lọ. Nọ́ńbà kan ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣáájú yìí. Bí ó bá jẹ́ 200, ohun tó ń sọ ni pé ohun gbogbo lọ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ 404, ohun tí ẹ béèrè kò sí. Bí ó bá jẹ́ 500, nǹkan bàjẹ́ lọ́dọ̀ sáfà. Bí ó bá jẹ́ 302, kí bùráúsà gba ibòmíràn lọ. Inú ọ̀rọ̀ ìṣáájú kan náà ni sáfà máa ń fi cookie sí, ìyẹn àmì kékeré tí bùráúsà máa ń tọ́jú kí ìkànnì lè dá ẹni náà mọ̀ nígbà tó bá padà wá.

Nígbà tí sáfà ń dúró kí gbogbo ojú ewé pé, ó ní àyè láti mọ òtítọ́ kó tó sọ̀rọ̀. Bó bá dé inú dátábéèsì tí kò rí ọjà náà, yóò sọ pé 404. Ṣùgbọ́n sáfà tó ń ṣe streaming ti sọ pé 200 kó tó wọ inú dátábéèsì. Bí ó bá wá rí i pé ọjà náà kò sí mọ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó lè kọ ọ́ sínú ojú ewé pé a kò rí ohun tí ẹ ń wá, ènìyàn yóò kà á, yóò sì yé e. Google, tó ń ka ojú ewé kiri láti mọ ohun tó wà nínú wọn, nọ́ńbà ló ń kọ́kọ́ wò, 200 ló sì rí. Bí a kò bá ṣọ́ra, ojú ewé òfìfo lè wọ inú àbájáde ìwárí rẹ̀. Next.js mọ èyí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ó máa ń fi àmì kan sínú ojú ewé náà tó ń sọ fún àwọn ẹ̀rọ ìwárí pé kí wọ́n má ṣe kó o sínú ìwé wọn. Àtúnṣe ni, ṣùgbọ́n kò tó kí a má ti ṣèlérí rárá.

Ti ẹni tí kò tíì wọlé sínú ìkànnì tún burú jù. Ká ní ojú ewé àkáǹtì ni, tí ẹni tí kò fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wọlé kò gbọ́dọ̀ rí. Bí sáfà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orí ojú ewé náà ránṣẹ́ kó tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni náà ní ẹ̀tọ́ láti rí i, kò lè fi 302 darí rẹ̀ sí ojú ewé ìwọlé mọ́, kò sì lè fi cookie tuntun lé e lọ́wọ́. Ohun tó kù ni pé kó fi àṣẹ sínú ojú ewé fúnra rẹ̀ pé kí bùráúsà sún lọ síbòmíràn, nígbà tí ẹni náà ti rí ohun tí kò yẹ kó rí.

Òfin tí mo fi ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nìyí, mi ò sì tíì rí ìdí láti yí i padà. Gbogbo ohun tó lè yí nọ́ńbà ìṣáájú padà gbọ́dọ̀ parí kí sáfà tó la ẹnu. Ṣé ẹni yìí ní ẹ̀tọ́? Ṣé ọjà yìí wà? Ṣé àdírẹ́sì yìí ti yí padà? Ìbéèrè wọ̀nyí kì í sábà gba àkókò púpọ̀. Lẹ́yìn wọn ni a lè jẹ́ kí ìyókù máa ṣàn, nítorí pé bí apá ohun tí àwọn oníbàárà sọ bá kùnà, a lè kọ ọ́ sínú àpótí rẹ̀ pé kò ṣeé rí báyìí, ojú ewé yóò ṣì wúlò fún ẹni tó fẹ́ rajà.

Àwọn alágbàtà tó wà láàárín

Láàárín sáfà tó ń se ojú ewé àti fóònù yín, àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí mo máa ń pè ní alágbàtà, torí pé wọ́n ń gba ọjà lọ́wọ́ ẹnì kan láti tà á fún ẹlòmíràn. Nginx jẹ́ ọ̀kan tó gbajúmọ̀. Àṣà tó bá a wá sáyé ni pé kó máa kó ìdáhùn sáfà jọ sínú agbada kó tó dà á fún bùráúsà, nítorí pé èyí máa ń gba sáfà sílẹ̀ kíákíá nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníbàárà bá lọ́ra. Ète rere ni, ṣùgbọ́n ó ń pa streaming.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́nu iṣẹ́ kan. Gbogbo nǹkan ń ṣàn bí omi lórí kọ̀ǹpútà wa, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e lọ síta, ojú ewé padà sí ti àtijọ́, ó ń dé lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ọjọ́ méjì ni a fi tú kóòdù wa wò kí a tó wo alágbàtà. Ìlà kan ṣoṣo, X-Accel-Buffering: no, tí a fi kún ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ló sọ fún Nginx pé kó má ṣe kó ìdáhùn yìí jọ. Ẹ̀rọ tó ń fún HTML pọ̀ kí ó lè kéré náà lè ṣe irú rẹ̀, nítorí pé ó fẹ́ràn láti dúró kí ẹrù pọ̀ díẹ̀ kó tó dì í. Sáfà gbọ́dọ̀ pàṣẹ fún un pé kó jọ̀wọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ǹjẹ́ ó kan ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu?

Ó kàn án ju ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lọ, bí Lọ́ńdọ̀nù bá jẹ́ ibi tí sáfà wà. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí kìlómítà 200,000 nínú wáyà gíláàsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù tó nǹkan bí kìlómítà 5,000 bí ẹyẹ bá fò ó, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kan kò lè dín ní ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó ti wù kí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà mọ iṣẹ́ tó. Wáyà abẹ́ òkun kì í sì í lọ tààrà, nítorí náà ó máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ojú ewé tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dé, bùráúsà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí sáfà, lẹ́yìn náà wọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ ààbò ṣe pàṣípààrọ̀, kó tó wá béèrè ojú ewé. Àlọ àti àbọ̀ mẹ́ta nìyẹn lórí ìlànà ààbò tòde òní.

Streaming kò lè gé òkun kúrú. Ohun tó lè ṣe ni pé, bí orí ojú ewé bá ti dé, bùráúsà tó wà ní Ìbàdàn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìn àjò tó kàn, láti lọ gbé fáìlì àwọ̀ àti lẹ́tà, dípò kó jókòó. Bí ìrìn àjò bá ṣe jìn tó ni jíjókòó lásán ṣe ń gbówó lórí tó.

Ní ti dátà, ojú ewé kan náà ni, àwọn ọ̀rọ̀ kan náà ló ń dé. Àpótí aláwọ̀ eérú àti ìlà JavaScript kékeré náà ń fi díẹ̀ kún un, kò sì tó ohun tí àwòrán kan ṣoṣo ń jẹ. Fíìmù ń jẹ dátà nítorí pé fíìmù ni, kì í ṣe nítorí pé ó ń ṣàn.

Ibi tí kò ti yẹ

Ojú ewé tí kò yí padà, bíi ti ilé iṣẹ́ tó fẹ́ sọ àdírẹ́sì àti wákàtí tó ń ṣí, kò nílò streaming rárá. Kí a sè é sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì pa á mọ́ sí tòsí àwọn tó ń kà á. Bákan náà, bí gbogbo apá ojú ewé bá ń yára, àpótí aláwọ̀ eérú tó yọ fìrí tó sì lọ yóò kàn máa da ojú rú ni.

Ìtàn tó ń bí mi nínú ni ti àwọn tó ń fi streaming tan ara wọn jẹ nídìí ìwọ̀n. Google ní ìwọ̀n kan fún àkókò tí báìtì àkọ́kọ́ fi dé, ohun tí wọ́n sì kà sí dáadáa ni kó má ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Pẹ̀lú streaming, ìwọ̀n yìí á dára lójijì, torí pé sáfà lè fi orí ojú ewé lásán ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n mìíràn wà, ti ohun tó tóbi jù lójú ìwé, tí wọ́n ní kó dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5. Bí iye owó àti àwòrán tí ènìyàn wá wò kò bá tètè dé, báìtì àkọ́kọ́ kò yó ẹnikẹ́ni. Ó sì yẹ kí àpótí tí a fi sílẹ̀ tó ohun tó ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀ ní gígùn àti ní fífẹ̀. Bí kò bá tó, ohun gbogbo yóò ta gìrì sísàlẹ̀ nígbà tó bá dé, ẹni tó fẹ́ tẹ bọ́tìnì kan yóò sì tẹ òmíràn. Mo ti rí i kí àgbàlagbà kan tẹ ibi tí wọ́n ti ń sanwó nígbà tó fẹ́ fagi lé ọjà. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá ní kọ̀ǹpútà tí ẹ sì fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ ṣí ibi tí a ti ń kọ àṣẹ sí, kí ẹ kọ curl -N, kí ẹ fi àdírẹ́sì ìkànnì náà tẹ̀lé e. Curl ni áàpù tó ń gbé ojú ewé wá láìlo bùráúsà, lẹ́tà N yẹn sì ń sọ fún un pé kó má ṣe kó ohunkóhun jọ. Bí ìkànnì náà bá ń ṣe streaming, ẹ óò rí ọ̀wọ́ HTML kan tó dà sílẹ̀, yóò dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ni òmíràn yóò tún dà. Ibi tó ti dúró yẹn gan-an ni dátábéèsì ti ń ṣiṣẹ́.